Kápítẹ́nì Tí Ó Di Sájẹ́ǹtì

Ọ̀rọ̀ ìran ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìlú Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìyá ọkọ Àǹtí mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àǹtí mi yìí. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni ọkọ wọn. Ìyá ọkọ náà ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Màmá Philadelphia ni gbogbo wa ń pè wọ́n nílé níbí, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú wọn a máa dùn sí i.

Kò sí ẹni tí ó wọ ilé Màmá Philadelphia tí kì í gbọ́ ìtàn Kápítẹ́nì. Ọkùnrin tí ó bí bàbá bàbá wọn ni. Oko ẹrú kan ní Virginia ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jà láàárín 1861 àti 1865, ó sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun Ìjọba Àpapọ̀, ó sì jà títí wọ́n fi fi oyè Kápítẹ́nì dá a lọ́lá. Bí bàbá Màmá ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn, bí Màmá náà sì ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ nìyẹn. Bí ọmọ kan nínú ẹbí bá ti ilé-ìwé dé tí ó ń sunkún pé wọ́n fìyà jẹ òun, Màmá yóò bi í bóyá ọmọ Kápítẹ́nì ni ó ń sunkún báyìí. Ẹni tí ó bá mọ oríkì yóò ti mọ irú ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́. Orúkọ oyè kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe ni ó ń ṣe nínú ilé náà: ó ń mú kí orí ọmọ wú.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn obìnrin tí bàbá ńlá wọn jẹ́ olóyè ológun nígbà ogun náà. Màmá ní kí Àǹtí mi bá wọn wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n ní oṣù mẹ́sàn-án ni Àǹtí mi bọ́ sí lọ́jọ́ náà. Èmi náà sì bá wọn bọ́ sí i, nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń pè lóru bí nǹkan bá tojú sú wọn, pé ṣebí ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. (Yorùbá ni mo kà, ṣùgbọ́n n kò já wọn nírọ́.)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe wáyé. Alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865 ni wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Abraham Lincoln nínú ilé eré kan ní Washington. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó kú. Ní ọjọ́ tí ó kú gan-an, àwọn olóyè ológun mẹ́ta pàdé ní Philadelphia, wọ́n sì fi ìdí ẹgbẹ́ kan múlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Military Order of the Loyal Legion of the United States. Àhesọ gbilẹ̀ nígbà náà pé ọ̀tẹ̀ ńlá wà nílẹ̀ láti dojú ìjọba dé. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tí ó dúró gbọn-in ti ìjọba wà ní ìṣọ̀kan. Olóyè ológun ni ẹgbẹ́ náà wà fún, ìyẹn ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ oyè, láti Lẹ́fútẹ́náǹtì títí dé Ọ̀gágun pátápátá. Ulysses Grant wà nínú rẹ̀, Sherman wà nínú rẹ̀, Sheridan náà wà nínú rẹ̀. Rutherford Hayes tí ó jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe olórí ẹgbẹ́ náà rí. Títí di òní, àwọn ni wọ́n ń ṣètò ìrántí ọjọ́ ìbí Lincoln ní ọjọ́ 12 oṣù kejì lọ́dọọdún, níbi ilé ìrántí rẹ̀ ní Washington.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n wò ni Society of the Cincinnati, èyí tí àwọn olóyè ológun George Washington dá sílẹ̀ ní 1783, tí ipò ọmọ ẹgbẹ́ sì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ àkọ́bí ọkùnrin. Àwọn ti Philadelphia náà tẹ̀lé e. Àkọ́bí ọkùnrin olóyè ni wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún, kí bàbá tilẹ̀ tó kú. Ọ̀rọ̀ dáódù pọ́ńbélé nìyí, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pariwo pé àwọn kò ní ọba! Mo rẹ́rìn-ín gan-an nígbà tí mo kà á. Nígbà tí ó yá, wọ́n fẹ ilẹ̀kùn náà díẹ̀, tí ọmọ-ọmọ yòókù àti ìran ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò olóyè fi lè wọlé. Àwọn obìnrin ìdílé olóyè dá tiwọn sílẹ̀ ní 1899, Dames of the Loyal Legion. Èyí ni ọ̀rẹ́ Màmá ń sọ.

Àwọn tí kì í ṣe olóyè ńkọ́? Ẹgbẹ́ tiwọn wà, ó tilẹ̀ tóbi ju ti àwọn ọ̀gá lọ. Ní 1866 ni wọ́n dá Grand Army of the Republic sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois, fún gbogbo ẹni tí ó bá ti jà fún Ìjọba Àpapọ̀, àti ọ̀gá àti ọmọ-ogun lásán, àti funfun àti dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn pinnu pé ìran àwọn nìkan ni ẹgbẹ́ àwọn wà fún. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn nínú wọn kú ní 1956, ẹgbẹ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti dá tiwọn sílẹ̀ tipẹ́: ti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní Pittsburgh ní 1881, ti obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní Daughters of Union Veterans lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní Massillon, ní Ohio, ní 1885. Apá Gúúsù tí wọ́n ṣẹ́gun náà kò gbẹ́yìn. United Daughters of the Confederacy wáyé ní 1894. Àwọn ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère àwọn ọ̀gágun Gúúsù dúró káàkiri, tí wọ́n sì du ìwé kíkà ilé-ẹ̀kọ́ títí àwọn ọmọdé fi ń kà á pé ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ló fa ogun. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ olóyè ológun Gúúsù ya ara wọn sọ́tọ̀ ní 1938, wọ́n sì dá Order of the Stars and Bars sílẹ̀. Ẹ rí i pé níhà méjèèjì, àwọn ọmọ ọ̀gá fẹ́ yàrá tiwọn.

Ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè kò le létí. Mú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ wá. Mú ti òbí rẹ wá, àti ìwé ìgbéyàwó wọn, àti ìwé ikú ẹni tí ó ti kú. Máa gòkè bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, títí ìwé yóò fi kan jagunjagun náà fúnra rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun rẹ̀ wá jẹ́rìí sí oyè tí ó jẹ. Bí ibì kan bá já, ó já nìyẹn.

Àǹtí mi gòkè wọ̀ọ́rọ̀wọ́ títí dé 1880. Nínú ìkànìyàn ọdún náà ni wọ́n ti rí bàbá bàbá Màmá, ọmọdékùnrin kékeré ní ilé ìyá rẹ̀ ní Virginia. Láti ibẹ̀ lọ, ṣóńṣó. Orúkọ ìdílé tí Màmá ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé ọkọ kò sí nínú ìwé àwọn ọmọ-ogun rárá pẹ̀lú orúkọ Kápítẹ́nì. Wọ́n wo ìkànìyàn 1870, wọn kò rí i. Ìkànìyàn 1870 yìí sì ni àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ àwọn tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ènìyàn. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ka ẹrú. Orúkọ olówó ni wọ́n kọ sókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. Wọn kò kọ orúkọ wọn.

Àwọn àgbà wa ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mo ti mọ òwe yìí láti kékeré, mo ti fi dáhùn ìdánwò rí. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kan, Àǹtí mi fi àwòrán ojú-ewé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin, ọdún mọ́kàndínlógún, dúdú. Obìnrin, ogójì ọdún, dúdú. Ọmọbìnrin, ọdún méjì. Ọmọkùnrin, oṣù mẹ́fà. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ìlà lórí ìlà. Mo pa fóònù mi, n kò sì tètè sùn.

Ibi tí wọ́n ti lè rí orúkọ ẹrú ni ìwé àwọn olówó ẹrú fúnra wọn: ìwé ìpíngún, àti àkójọ ohun ìní òkú, níbi tí wọ́n ti ń to ènìyàn pọ̀ mọ́ màlúù àti àga, orúkọ kan ṣoṣo àti iye tí wọ́n bù lé e. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àrọ́mọdọ́mọ olówó ẹrú tí ó jẹ́ olóyè ológun Gúúsù lè kó ìwé ilé wọn jọ kí ó fi wọ Stars and Bars láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àrọ́mọdọ́mọ ẹrú ní láti lọ ṣí ìwé kan náà kí ó tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ńlá tirẹ̀.

Owó opó ni ó là wá lójú nígbẹ̀yìn. Ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó ìrànwọ́ fún opó àwọn ọmọ-ogun tí ó jà, ṣùgbọ́n opó ní láti fi hàn pé òun ni ìyàwó lóòótọ́. Òfin àwọn ìpínlẹ̀ tí ń kó ẹrú kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí ìgbéyàwó, nítorí náà kò sí ìwé tí wọn yóò mú wá. Láti 1864 ni òfin ti gbà pé kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ dípò ìwé. Ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, wọ́n ń jókòó ti àwọn aládùúgbò, wọ́n ń bi wọ́n: Níbo lo ti mọ ọkùnrin yìí? Ta ni olówó rẹ̀? Ta ni ó so òun àti obìnrin yìí pọ̀? Ọmọ mélòó ni wọ́n bí? Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà ní ilé ìkówèépamọ́ ìjọba, National Archives, ní Washington. Ọdún mẹ́rin ni àwọn olùkọ́ fi kọ́ mi pé ìtàn àtẹnudẹ́nu wà lọ́tọ̀, ìtàn àkọsílẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìwé owó opó kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló sọ gbogbo rẹ̀; akọ̀wé kàn wà ní ìtòsí ni.

Ojú-ewé mọ́kàndínlógójì ni ìwé tí ó jáde. Orúkọ ìdílé olówó rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi wọ iṣẹ́ ológun, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe. Lẹ́yìn ogun ni ó yí i padà sí èyí tí ó wù ú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá a tí a kò rí i. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ mẹ́ta wà níbẹ̀, èkejì nínú wọn sì ni bàbá bàbá Màmá. N kò ní dárúkọ wọn síhìn-ín, ti ẹbí ni. Obìnrin aládùúgbò kan jẹ́rìí pé bí ó bá ń ti oko bọ̀, ohùn orin rẹ̀ ni àwọn ọmọdé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń dùn ún láti ìgbà ogun. Ó ní ọ̀dùnkún tí ó ń gbìn kì í tó o tà, nítorí pé ó ti fi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ tán.

Oyè rẹ̀ sì wà níbẹ̀, lójú-ewé kẹta, ó tún wà lójú-ewé kọkànlá. Sájẹ́ǹtì.

Ẹlẹ́rìí mìíràn, ọkùnrin tí ó bá a ṣiṣẹ́ oko, ni ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní Sájẹ́ǹtì ni nínú ogun, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń sọ̀rọ̀ fún wọn bí aláwọ̀ funfun bá fẹ́ rẹ́ wọn jẹ nínú owó iṣẹ́, nítorí náà Kápítẹ́nì ni àwọn ń pè é.

Àǹtí mi kò mọ bí wọn yóò ti sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n bi mí. Kí ni èmi fẹ́ sọ? Mo ní kí wọ́n ka ìwé náà sókè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n má fo nǹkan kan. Wọ́n kà á. Màmá dúpẹ́, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi dárúkọ ẹgbẹ́, wọn kò sì dárúkọ Kápítẹ́nì.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo kàwé jù. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ọkùnrin tí ó wọ ogun ní 1863, tí ó sì jà títí ó fi parí, fi dúró sí Sájẹ́ǹtì. Ìdáhùn rẹ̀ kò farasin. Oṣù karùn-ún ọdún 1863 ni ilé iṣẹ́ ológun Ìjọba Àpapọ̀ dá ẹ̀ka ọmọ-ogun adúláwọ̀ sílẹ̀, kí ogun sì tó parí, nǹkan bí 180,000 adúláwọ̀ ni ó ti wọ iṣẹ́ náà. Nǹkan bí 40,000 nínú wọn kú, àìsàn sì pa wọ́n ju ìbọn lọ. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe olóyè lé wọn lórí. Adúláwọ̀ tí ó gba oyè ní gbogbo ogun náà kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ kápítẹ́nì àti lẹ́fútẹ́náǹtì ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Louisiana ti 1862, tí Ọ̀gágun Nathaniel Banks wá fúngun mọ́ títí wọ́n fi ń kọ̀wé fi oyè sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. André Cailloux jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kápítẹ́nì náà. Ó ṣáájú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lọ sí iwájú ìbọn ní Port Hudson ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1863, ó sì kú síbẹ̀. Stephen Swails, sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun 54th Massachusetts, gba ìwé oyè lẹ́fútẹ́náǹtì lọ́wọ́ gómìnà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1864, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ológun ní Washington kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Oṣù kìíní 1865 ni wọ́n tó gbà, nígbà tí ogun ti ń rọlẹ̀.

Nípa owó wọn náà, dọ́là mẹ́wàá lóṣù ni wọ́n ń san fún ọmọ-ogun adúláwọ̀, wọ́n sì ń yọ mẹ́ta nínú rẹ̀ fún aṣọ. Mẹ́tàlá ni ti aláwọ̀ funfun. Àwọn 54th kọ̀, wọn kò gba kọ́bọ̀ títí àwọn aṣòfin fi tún un ṣe ní oṣù kẹfà 1864.

Ẹ wò ó báyìí. Aláwọ̀ funfun tí ó jẹ́ kápítẹ́nì lórí bàbá ńlá Màmá lè ní àrọ́mọdọ́mọ lónìí. Bí ó bá wù ú, yóò kó ìwé jọ, yóò wọ Loyal Legion, yóò fi àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sí àyà. Inú ẹrẹ̀ kan náà ni àwọn bàbá ńlá méjèèjì jọ dúró sí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ Sájẹ́ǹtì ní 1863 ni wọ́n tún tì mọ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin báyìí, kò sì sí ẹni tí a lè mú pé òun ló tì í. Ẹni tí ó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò kò ṣe nǹkan burúkú. Olóyè ni òfin wí, olóyè ni ó ń wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyẹn: ìyà àtijọ́ lè máa jẹ ogún lọ láìsí ọ̀tá.

Ọ̀kan nínú àwọn adúláwọ̀ tí ó gba oyè náà kò jìnnà sí wa rárá. Martin Delany ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ òmìnira ni wọ́n bí i ní Virginia ní 1812. Harvard gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1850, wọ́n sì lé e jáde nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun fárígá. Ní 1859 ó wọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Òun àti Robert Campbell dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì bá Aláké Okùkẹ́nù àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún náà, pé kí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí wọ́n máa mú ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn bọ̀. Àdéhùn náà kò dọ́jọ́. Delany padà sílé, ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ-ogun jọ; ọmọ rẹ̀ tí ó sọ ní Toussaint L'Ouverture wà nínú 54th. Ní oṣù kejì 1865 ó rí Lincoln lójúkojú, nínú oṣù náà ni wọ́n sì fi í jẹ Méjọ̀, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gba oyè náà láti kó ọmọ-ogun lọ sójú ìjà. Oṣù méjì péré ni ó kù kí ogun parí. Nígbà tí mo sọ èyí fún Àǹtí mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá níhà ìyá wọn, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń purọ́ fún mi kí inú mi lè dùn?" Mo fi ìwé hàn wọ́n.

Ọdún 1860 tí Delany kúrò lọ́dọ̀ wa ni Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, kò sì tètè parí. Àwa náà ń ja ogun abẹ́lé tiwa lásìkò kan náà. Kí n má baà dà bí ẹni tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí aládùúgbò lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nílé. Ní Ìbàdàn tí mo ti dàgbà, orúkọ jagunjagun ni ọ̀pọ̀ agboolé ń jẹ́, ọmọ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń fi jẹ mọ́gàjí. A kò ní fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n a ní ìjókòó ẹbí. Mo bi Màmá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, ìdí tí wọn kì í fi í pe àwọn ará ojúlé kan nínú agboolé wa sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ná. Wọ́n ní ojú ogun ni wọ́n ti kó bàbá ńlá àwọn yẹn wálé. Mo ní ṣé kò bá bàbá ńlá tiwa jagun ni? Wọ́n ní ó bá a jagun dáadáa, òun ló tilẹ̀ ń gbé àpò ìbọn rẹ̀ níwájú ogun. Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀?

Màmá Àgbà kò mọ̀ ọ́n. Oríkì agboolé wa tí mo mọ̀ láti òkè délẹ̀, tí mo tilẹ̀ ti kì lórí rédíò rí, kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Àwọn ará ojúlé náà ń kì í fún àwọn ọmọ wọn, oríkì tiwa ni wọ́n ń kì. N kò tí ì mọ ohun tí n ó fi èyí ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, Màmá Philadelphia pe Àǹtí mi wá sí ilé ìdáná. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gba fọ́ọ̀mù ti Daughters of Union Veterans, èyí tí kò béèrè oyè. Wọ́n ní kí wọ́n kọ Sájẹ́ǹtì sí i bí ó ti wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n fi í jẹ Kápítẹ́nì, àwọn tí ó sì fi í jẹ ẹ́ mọ̀ ọ́n ju ilé iṣẹ́ ológun lọ. Nítorí náà kò sí ohun tí ó yí padà nínú ilé àwọn. Ọmọ Àǹtí mi, ọmọ ọdún méjìlá, bi wọ́n pé ṣé òun lè sọ méjèèjì nílé-ìwé. Màmá ní kí ó sọ méjèèjì, kí ó sì sọ ẹni tí ó fi í jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, a pè wọ́n lórí fídíò láti ilé wa. Mo ti sọ ìtàn náà fún Màmá Àgbà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n bi Àǹtí mi bóyá òótọ́ ni pé ó ń gbin ọ̀dùnkún, bóyá òótọ́ ni pé ó máa ń kọrin bọ̀ láti oko, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún. Wọ́n ní kí n pe orúkọ rẹ̀ fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì kí ahọ́n àwọn lè mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́n ohùn wọn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: ẹni tí ohùn rẹ̀ mú ilẹ̀ ṣú, ẹni tí ó gbin oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, atiro jagun má padà lẹ́yìn. Òòyẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ̀dá rẹ̀, àgbàlagbà ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, lórí àpótí ìdáná. Bí wọ́n bá ti dé ibi orúkọ rẹ̀, Màmá Philadelphia tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan á dáhùn láti òkè òkun pé, "Hẹ̀n."

Fọ́ọ̀mù náà ti lọ ní oṣù tí ó kọjá, pẹ̀lú ojú-ewé mọ́kàndínlógójì tí a fi tì í. Èsì kò tí ì dé. Bí ó bá dé, n ó sọ fún yín.